Òkúta Olómi Lẹ́bàá Fèrèsé

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ufẹ̀ Òkè tí ayé ń pè ní Ìdànrè. Ọmọ ẹni tó ń gun àpáta bí ẹni ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ baba rẹ̀. Ọmọ kùrukùru àárọ̀ tí í bo orí òkè mọ́lẹ̀, tí kì í bo ojú ọmọ ẹni. Àbẹ̀kẹ́ arẹwà, a-rìn-bí-ẹni-tí-kò-fẹ́-jí-ilẹ̀, a-sọ̀rọ̀-kí-ẹkún-ọmọ-ó-dá. Ìyá eèrà, ìyá aláǹgbá, ìyá ìgbín, ìyá gbogbo ohun tí kò lẹ́nu tí yóò fi pè é ní ìyá. Ọmọ olóko kòkó tí í pọ́n ní ìdí, tí í pọ́n ní orí. Aya mi. Ó dàárọ̀ o.

Èmi tí mo ń kọ èyí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, oko ló gba ìyókù. Bí ìlà ọ̀rọ̀ mi bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi ni pé n kì í gbàgbé orúkọ. Gbogbo ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ aya mi kọjá ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa níhìn-ín ní Ìdànrè ni mo mọ̀ lórúkọ. Mo mọ ti ìyá wọn, mo mọ ti bàbá wọn, àwọn kan tiẹ̀ wà tí mo mọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ wọ́n kí bàbá àgbà tó yarí. Ṣùgbọ́n n kò ní í kọ ọ̀kan síbí. Àwọn ọmọ náà ṣì ń dàgbà, ẹni tó ń dàgbà ló ni orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ tí òun fún wọn ni n ó máa pè wọ́n.

Bó ṣe máa ń ṣe é nìyí. Tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ẹkún ti rọlẹ̀ díẹ̀, yóò kó wọn jáde sí àgbàlá, yóò ní kí oníkálùkù wá ohun abẹ̀mí kan tí yóò máa ṣe alágbàtọ́ fún títí ọdún yóò fi yí po. Kò ní kí wọ́n mú un. Kò ní kí wọ́n dè é lókùn. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ ọ́n ni: níbo ló ń sùn, kí ló ń jẹ, níbo ló ti ń mu omi, ta ló ń sá fún. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ ẹ̀dá yẹn ni yóò máa fi pe ọmọ. Tí ó bá ń pe orúkọ láàárọ̀, ọmọ kì í dáhùn fún ara rẹ̀, ẹ̀dá rẹ̀ ló ń dáhùn fún.

“Bàbá Aláǹgbá!”

“Ó wà, mà!”

“Níbo ló sùn?”

“Abẹ́ páànù, mà. Ó ń mi orí sí mi láàárọ̀ yìí, mo ní kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi.”

“Ṣé ìwọ lo máa fún un lóúnjẹ ni?”

“Rárá mà. Eṣinṣin ló ń jẹ. Ó kàn lójúkòkòrò ni.”

“Ìyá Ìgbín!”

“Ó wà, mà. Ó sùn sílé ara ẹ̀.”

“Ó kúkú ṣorí ire. Onílé kankan ò lè lé e.”

Èmi a wà lábẹ́ igi máńgòrò, n ó máa kan ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti dá. Bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ yẹn, n kò mọ ohun tó ń jẹ ẹsẹ̀ wọn. Bóyá ni n kì í pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, torí kí n lè máa gbọ́. Yóò bi wọ́n pé, “Kí ni gbogbo ohun tó lẹ́mìí ń fẹ́?” Wọn yóò ké bò ó: “Oúnjẹ! Omi! Afẹ́fẹ́! Ibùgbé!” Ọmọ kan á tún ké tirẹ̀ lẹ́yìn pé, “Àti ẹni tí wọ́n á jọ máa ṣeré!” Aya mi kì í sọ pé kò sí nínú ìwé. Yóò ní, “Fi kún un.” Láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù ni mo ti ń gbin kòkó ní apá Atosin. Mo mọ̀ pé igi kòkó kékeré kò lè dá dúró nínú oòrùn, ó ń fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò ṣíji bò ó. Mo mọ èyí bí mo ti mọ ọwọ́ mi. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni, àfi ìgbà tí mo jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ní ọdún tó kẹ́yìn yìí, ọmọbìnrin kan dé bá wọn láti Ofosu. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ lọ ń wa ọkọ̀ bọ̀ ní títì Ọ̀rẹ̀ sí Benin, kò lè máa gbé ọmọ kékeré kiri, ló bá mú un wá fún ìyá ìyá rẹ̀ tó wà ládùúgbò wa. Ojú títì lọmọ náà ti mọ ayé. Nígbà tó kọ́kọ́ rí àwọn òkè wa, tó rí bí wọ́n ṣe dúró lórí òrùlé gbogbo ènìyàn, ó bi ìyá àgbà rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n máa kọjá lọ. Ó rò pé ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n, pé wọ́n kàn páàkì.

Kì í yọ ọwọ́ rẹ̀ síta. Abẹ́ abíyá ló máa ń kì wọ́n bọ̀, bí ẹni tí òtútù ń mú. Wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì, kò gbà á. Wọ́n ní kó di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú kí wọ́n jọ tò, ó kọ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ló wá ṣàlàyé. Ọmọ náà ló fi ife fún ìyá rẹ̀ lómi mu kẹ́yìn. Ìyá mu ún, ó dùbúlẹ̀, kò sì jí mọ́. Nínú ariwo ẹkún ọjọ́ náà, ẹnì kan tí ìbànújẹ́ ti yí lórí sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Látìgbà náà ló ti ń sọ pé ọwọ́ òun kò dáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, aya mi ń ṣa ẹ̀wà, kò wo ojú mi. Ó ní, “Bàbá ilé, kí ọdún yìí tó parí, ohun kan gbọ́dọ̀ yè lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ẹyọ kan péré. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò gbé ọ̀rọ̀ yẹn dàgbà, yóò gbé e wọ ilé ọkọ.”

Mo ní, “Fún un ní adìyẹ.”

Ó ní, “Tí àṣá bá wá gbé adìyẹ ńkọ́?”

Mo bá a ṣa ẹ̀wà.

Ọ̀pọ̀lọ́ ló fún un. Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun, ojú lásán ni yóò máa fi ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì parí sí, ibẹ̀ ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Lákòókò òjò, omi máa ń sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta yẹn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń fi aṣọ tútù nu ojú dígí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ wa ń gbé. Ní ìlú mìíràn, inú kòtò omi lẹ ó ti rí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, tí yóò máa lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ara àpáta gan-an ni wọ́n lẹ̀ mọ́, ní dúdú wínníwínní, ìrù wọn ń jó nínú omi tí kò tó ohun tí yóò rin ìka. Wọ́n ń jẹ nǹkan yọ̀ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára òkúta olómi. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ sí wọn lára, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ wọn rìn kúrò.

“Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́! Ara ẹ á lé kókó!” Bàbá Aláǹgbá ló ké bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọmọ náà nìyẹn. “Tìẹ ń jẹ eṣinṣin!”

“Tìẹ náà ń jẹ ẹ́!”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ó jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ìdílé kan náà ni àwọn. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń jọ jókòó.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn tó ti ń yọ́ rìn nínú aya mi jáde sí gbangba. A gbé e lọ sí Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Dókítà wò ó, wọ́n tún un wò. Lẹ́yìn náà ni dókítà pe èmi àti ọmọ wa sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí a máa gbé màmá lọ sílé, kí a máa ṣìkẹ́ wọn. Ọmọ wa fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ òun. Aya mi ní, “Òkè wo ni n ó máa wò ní Àkúrẹ́ yín?” Bí a ṣe padà nìyẹn.

Mo gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí òkè ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn rí bí àlá sí mi títí di òní, n kò lè tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Kùrukùru á sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, yóò wọ àgbàlá, a ò ní í rí igi, a ò ní í rí ògiri, ohùn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni yóò máa fò wá láti inú rẹ̀ bí ẹyẹ: “Oúnjẹ! Omi! Afẹ́fẹ́!” Aya mi á dì mọ́ ìrọ̀rí, yóò máa fi ètè dá wọn lóhùn. Nígbà míì yóò sùn, yóò jí, yóò ní òun ti lọ sẹ́nu iṣẹ́, òun ti dé. N kò ní í bá a jiyàn. Ta ni mo jẹ́ láti sọ pé kò lọ?

Tíṣà ọ̀dọ́ kan ló wá gba kíláàsì náà. Tí wọ́n bá ti jáde, àwọn ọmọ á ya sọ́dọ̀ wa, wọn á dúró lábẹ́ fèrèsé, wọn á jíṣẹ́ ẹ̀dá wọn. Ọmọbìnrin ará Ofosu yóò dúró lẹ́yìn gbogbo wọn.

“Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, ṣé wọ́n wà?”

“Wọ́n wà, mà.”

“Ṣé ẹsẹ̀ ti yọ?”

“Kò tíì yọ, mà.”

“Ó wù mí kí n rí i.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, ohun tó rú wọn sókè nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń bó iṣu lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n tò bí ẹni gbé àpótí májẹ̀mú. Bàbá Aláǹgbá ló ṣíwájú, ó ń lé àwọn ewúrẹ́ kúrò lọ́nà. Ọmọ ará Ofosu wà láàárín. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta. Ó fi wọ́n gbé abọ́ ike búlúù ńlá kan, omi inú rẹ̀ kún dé etí.

“Mà, ẹ ò lè wá, làwọn bá wá!” Bàbá Aláǹgbá ló ké e.

Aya mi ní kí n gbé òun jókòó. Ó wo inú abọ́. Mo wò ó pẹ̀lú rẹ̀. Omi náà mọ́ tónítóní, ó jìn, ó tutù. Àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ náà léfòó lójú rẹ̀, inú funfun wọn wòkè. Díẹ̀ ṣì ń jà lára ike, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń yọ̀ bọ́.

“Omi wo lẹ bù sí i?”

“Piọ́wọ́tà ni, mà,” Ìyá Ìgbín fi ọwọ́ sọ́yà. “A dá a jọ. Ẹ ní omi tó mọ́ ló dáa.”

“Ta ló ní kí ẹ gbé wọn?”

Bàbá Aláǹgbá na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì. “Èmi ni, mà. Òun ò gbà, ó ní tí òun bá gbé wọn wọ́n á kú. Mo ní irọ́ ni. Ṣebí orí òkè làwọn bàbá wa ń gbé tẹ́lẹ̀? Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn ò kú.”

Èmi bú sẹ́rìn-ín, n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìtàn tí a ń fún gbogbo ọmọ Ìdànrè mu mọ́ ọmú ni. Ìyá tó bí mi, orí òkè ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀. Títí tó fi dàgbà ló ń sọ pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ń dun òun lórúnkún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi, nítorí mo rí ọmọ ará Ofosu. Ó ti gbé abọ́ náà kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti padà sábẹ́ abíyá.

“Ọwọ́ mi náà ni,” ó wí. Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Aya mi na ọwọ́, ó fi ìka gbé ọ̀kan tó ṣì ń mí, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ olómi rẹ̀. Nǹkan dúdú náà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó dúró.

“Ẹ gbọ́,” ó wí. “Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ, àwọn bàbá wa sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ̀, wọ́n kó ìkòkò wọn, wọ́n kó ewúrẹ́ wọn, wọ́n kó irúgbìn. Ẹ̀yin gbé ọ̀pọ̀lọ́ wá, ẹ gbàgbé òkúta rẹ̀ sílé. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, wò mí. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Omi yìí ló jìn jù.”

Ọmọ náà kò wò ó.

“Bàbá ilé,” ó wí, “ẹ lọ gbé òkúta wá.”

Mo ti bárò tí mo fi ń kó kòkó jáde. Mo wá òkúta pẹlẹbẹ kan nídìí àpáta ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, èyí tí nǹkan aláwọ̀ ewé ti bò dáadáa. Àwọn ọmọ tì í láti ẹ̀yìn, wọ́n ń dí mi lọ́wọ́ ju bí wọ́n ṣe ń ràn mí lọ́wọ́. A gbé e lé orí bíríkì níta lábẹ́ fèrèsé, níbi tí ọwọ́ aya mi lè dé, a fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tì í. Mo fi abẹ́rẹ́ lu ìdí kẹ́ẹ̀gì kan, mo rọ omi òjò kún un, mo so ó mọ́ irin fèrèsé. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ lójú òkúta. Aya mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé èyí tó kù láàyè lé e lórí. Wọn ò pọ̀. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ìrù wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Bí òkúta olómi ṣe di ara ilé wa nìyẹn. Tó. Tó. Tó. Ohùn rẹ̀ wọ inú oorun wa, wọ inú àdúrà wa. Àwọn ọmọ ń wá rọ omi ní ìkọ̀ọ̀kan. Ìyá àdúrà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí aya mi, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rí omi tó ń kán sórí òkúta lójú fèrèsé lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Ìyá kúnlẹ̀. Ó fa ìgò kékeré yọ nínú báàgì rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bù díẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yìí ni.”

Mo ní, “Ìyá, omi ọ̀pọ̀lọ́ ni o.”

Ó ní, “Ẹ̀yin ò mọ̀. Olúwa tó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ló máa ṣòro fún un?”

Aya mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní kí n bù ú fún wọn. Mo bù ú. Títí di òní, tí a bá pàdé, ìyá náà ń sọ fún mi pé ẹsẹ̀ náà fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ ará Ofosu kì í rọ omi. Yóò wá, yóò dúró, yóò wo òkúta rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Aya mi kò bẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sán kan, ìyá àgbà rẹ̀ ti lọ sọ́jà, ó fi í sọ́dọ̀ wa. Ooru mú. Èmi wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń tòògbé. Mo gbọ́ pé ohun kan yí padà nínú ilé, mo sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ni. Kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ. Mo fẹ́ dìde. Aya mi gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú. Agbára wo ló ṣẹ́ kù fún un? Ṣùgbọ́n ó dì mí mú. Ó fi ojú sọ fún mi pé kí n jókòó.

A jókòó. Ọmọ náà wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wo òkúta tí oòrùn ti ń fà gbẹ láti etí wá sáàárín. Ó wo wá, a di ojú wa bí ẹni tó sùn. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sídìí àmù omi òjò. Mo gbọ́ ife nínú omi. Ó gun orí bíríkì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó rọ ọ́. Ó lọ, ó tún bọ̀. Lẹ́yìn náà ni a tún gbọ́ ọ: tó, tó, tó. Nígbà tí mo la ojú, omijé ti rin ìrọ̀rí aya mi, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

Ọmọ wa wá láti Àkúrẹ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó fò sẹ́yìn. “Màmi! Àwọn ènìyàn ń sin ẹja sínú ilé, ẹ̀yin ń sin ọ̀pọ̀lọ́!”

“Bá mi wò ó dáadáa, ìwọ tójú ẹ ṣì dáa. Àbí mo ti ń ṣèrànrán? Kí ló wà nídìí ìrù rẹ̀ yẹn?”

Ọmọ wa tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fún ojú pọ̀. “Ẹsẹ̀ ni, Màmi. Ẹsẹ̀ méjì.”

Ṣùgbọ́n òjò ti ń jìnnà síra wọn. Omi ara àpáta lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ti ń sún wọ àárín, ó ku ìlà kan tó ń dán. Aya mi ń rí i láti ojú fèrèsé nígbà tí oòrùn bá bà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ní, “Ilé wọn ń gbẹ. Ẹ gbé wọn lọ lónìí, kí wọ́n bá ìyókù wọn.” Ó yí ojú sí ọmọ ará Ofosu. “Ìwọ ni alágbàtọ́ wọn. Ìwọ ni kó o kó wọn délé.”

Mo gbé òkúta náà sínú bárò, mo fi àpò kòkó tútù bò ó. Ọmọ náà fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di àpò náà mú ní gbogbo ọ̀nà, kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i. Bàbá Aláǹgbá ń bú àwọn òkúta ojú ọ̀nà pé kí wọ́n má gbọn bárò. A dé ibẹ̀, mo fi òkúta wa ti àpáta, omi àpáta wọ́ lé e lórí. Wọn kò kọ́kọ́ ṣípò. Ibẹ̀ dákẹ́, kùrukùru ṣì wà lókè, ó dà bí ẹni pé òkè náà ń mí sí wa lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan gbéra, ó kọjá sára àpáta. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọmọ ará Ofosu ti fi ọwọ́ rẹ̀ lé ara àpáta, bóyá kó má baà ṣubú ni. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí ìrù rẹ̀ ti kúrú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé mẹ́rin, jáde kúrò nínú omi. Ó fi ẹsẹ̀ gun ìka ọmọ náà. Ó gba ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kọjá ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wọ inú ihò kan lára òkúta, ó lọ.

Ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbéra, ó sáré.

N kò lè bá a sáré mọ́, ọjọ́ orí kò jẹ́. Nígbà tí mo fi máa ti bárò dé ilé, ó ti wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ náà síwájú aya mi bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ka nǹkan tó wà níbẹ̀.

“Ó gbabí kọjá, mà! Ibí yìí! Kò kú!”

Aya mi gba ọwọ́ náà. Ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Mo rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀,” ó wí.

Ó sùn ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ó tún jí lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè ibi tí ohùn omi wà. Mo ní a ti dá a padà. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá ilé.” Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó lọ, nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn ọmọ lọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni a sin ín, lẹ́yìn ilé, níbi tí òkè ti rí i. Àwọn ọmọ tò wá láìwọ bàtà, wọ́n ń ju iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu tirẹ̀. Òjò kò rọ̀. Kí a tó jẹun ọ̀sán, a ti bò ó tán.